Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Kọ́ Ni Gbogbo Ọ̀nà: Bí A Ti Ń Ka Àkókò Kí Ẹgbẹ́ Tó Yá Ni Lówó Òkè Òkun

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí bí a ti ń kọ ìwé owó, kì í sì í ṣe lórí bí a ti ń pín èrè. Ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí a ń bá pàdé ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí a bá bẹ̀ wò láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, tí ó sì ti wọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí pẹ̀lú. Nígbà kan rí, bí a bá ṣí ìwé ìbéèrè owó ẹ̀yáwó, ohun tí a máa ń rí níbẹ̀ ni owó oko àgbàdo, owó iṣu, owó kaṣú, owó páànù ilé, owó ilé-ìwé. Nísinsìnyí a ń rí “owó ìrìnàjò ọmọ.” Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ó jẹ́ olùkọ́, tàbí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Agbanisíṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un kí ó lè wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní bí ó bá pẹ́ títí yóò di ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú gbére níbẹ̀. Bàbá tàbí ìyá wá bá ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń dá owó, kò sì sí òfin tí ó ní kí ó má fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni àkókò. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń béèrè iye owó, wọ́n ń béèrè orúkọ onídùúró, wọ́n ń wo iye tí ẹni náà ti fi pamọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè pé: ọjọ́ wo ni ọmọ yìí yóò gba owó oṣù àkọ́kọ́? Bí a bá yá ènìyàn lówó oko, gbogbo wa ni a mọ ìgbà tí àgbàdo yóò gbó. Ta ni ó mọ ìgbà tí ìwé òyìnbó yóò gbó? Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe dá ọjọ́ tí owó ẹgbẹ́ yóò wọlé padà?

Onídùúró ni ìyà rẹ̀ sábà máa ń jẹ. Bí ẹni tí ó yá owó bá dá owó dúró, ẹgbẹ́ yóò so owó ìfipamọ́ onídùúró mọ́lẹ̀, kò ní lè yọ ọ́, kò sì ní lè fi yá owó tirẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ó yẹ kí ó ra ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ọmọ kankan ní òkè òkun yóò wá jókòó, yóò máa retí kí físà ọmọ ọlọ́mọ dé.

Bí a bá bi òbí léèrè pé ìgbà wo ni ọmọ yóò lọ, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, “Ọ̀gá, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.” Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. Ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ni ó wí pé bí ènìyàn bá béèrè físà iṣẹ́ láti òkèèrè, tí ó ti lọ tẹ̀ka, tí ó sì ti kó gbogbo ìwé sílẹ̀, èsì sábà máa ń jáde láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni ìkẹyìn gbogbo iṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń gún iyán, tí kò ka ìgbà tí a fi kọ ebè, ìgbà tí a fi gbin iṣu, àti ìgbà tí a fi dúró kí ó tó ta.

Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́ọ̀sì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni a ń rí jù nínú àwọn ìwé ìbéèrè. Kí ọmọ tó lè ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà níbẹ̀, tí à ń pè ní NMC, gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó níláti kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe ìdánwò IELTS tàbí OET nítorí èyí. Ó níláti ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, èyí tí ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ìdánwò tí a ń fi ọwọ́ ṣe, OSCE, di ìgbà tí ó bá dé ọ̀hún. Àjọ nọ́ọ̀sì ti Nàìjíríà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ti Ìlú Ọba pé lóòótọ́ ni ọmọ yìí kọ́ iṣẹ́, pé ìwé-àṣẹ rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú.

Ibi ìjẹ́rìí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún náà, nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kí àjọ jẹ́rìí òun sí òkè òkun gbọ́dọ̀ ti fi iṣẹ́ náà ṣe ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ó gba ìwé-àṣẹ. Inú àwọn nọ́ọ̀sì kò dùn sí i, wọ́n fẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. A kò fẹ́ dá sí ìjà wọn. Ìṣirò ni tiwa.

Ẹ bá wa ṣírò. Ká ní ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦1,800,000 pé kí ó san án tán láàrin oṣù 18, èyí já sí ₦100,000 lóṣooṣù láìtíì ka èlé. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-àṣẹ. Oṣù 18 yóò pé, ó yẹ kí gbogbo owó ti wọlé, nígbà tí ó ṣì ku oṣù mẹ́fà kí ọmọ tó lè béèrè fún ìjẹ́rìí lásán. Agbanisíṣẹ́ kò tíì sí. Ìwé ìgbọ̀wọ́ kò tíì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ajẹ́ǹtì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nínú oko àgbàdo bàbá ni ₦100,000 oṣooṣù yóò ti máa jáde. Bí oko kò bá sì ṣe dáadáa, inú owó onídùúró ni. Owó náà kò pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọmọ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọjọ́ ni ìgbìmọ̀ kò kà.

Ohun mìíràn tún máa ń mú ọjọ́ gùn tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2023 àjọ NMC kéde pé àwọn èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà láti ibùdó kan ní Ìbàdàn mú ìfura lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí gbogbo àwọn tí ó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tí ó fi òtítọ́ ṣe tirẹ̀ níláti padà sí ẹnu ìdánwò bákan náà. Nítorí èyí, bí òbí bá sọ pé oṣù mẹ́fà ni gbogbo ìdánwò yóò gbà, kí ìgbìmọ̀ kọ oṣù mẹ́wàá sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bínú bí ó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni agbanisíṣẹ́ yóò tó fún un ní ìwé ìgbọ̀wọ́ tí àwọn èwe ń pè ní CoS. Agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-àṣẹ ìjọba kí ó tó lè fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì ní in, gbígba ìwé-àṣẹ náà lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìwé ìgbọ̀wọ́ kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú sábẹ́ ẹní, nítorí láàrin oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá fún ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ fi béèrè físà. Ọmọ Nàìjíríà tún níláti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ìfe ní ibi tí ìjọba ọ̀hún fọwọ́ sí, oṣù mẹ́fà péré ni ìwé àyẹ̀wò náà sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti kánjú ṣe àyẹ̀wò kí ìwé ìgbọ̀wọ́ tó dé lè tún un ṣe, yóò sì tún san owó.

Ó tún níláti fi hàn pé £1,270 ti wà nínú àpò òun ní báńkì fún ọjọ́ 28, àfi bí agbanisíṣẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun yóò bójú tó o. Nítorí èyí, a ti gbọ́ pé àwọn kan ń bẹ ẹgbẹ́ kí ó fi owó ẹgbẹ́ sínú àpò ọmọ wọn fún oṣù kan kí wọ́n lè fi han òyìnbó, lẹ́yìn náà kí wọ́n dá a padà. Ẹ má ṣe é. Owó tí kò bá sí nínú ìwé ẹ̀yáwó kò ní onídùúró, ẹni tí ó bá sì gbé e jáde ni yóò dáhùn lọ́jọ́ tí a bá wá yẹ ìwé wò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera ni a fẹ́ sọ sókè kí ó lè dé etí gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2022 ni Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì gba ibẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n ní ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá ń béèrè láti òkèèrè. Ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún péré ni ilẹ̀kùn náà fi ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó yá owó nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́ tì, tí ìwé rẹ̀ kò sì tètè jáde, gbèsè ni ó kù sí i lọ́wọ́. Bí ajẹ́ǹtì kan bá wá sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tí ó ní òun ní ìwé ìgbọ̀wọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú fún ọmọ tí ó wà nílé níhìn-ín, kí ó kọ́kọ́ fi òfin tuntun tí ó tún ilẹ̀kùn náà ṣí hàn yín. Bí kò bá rí i, ohun tí kò sí ni ó ń tà.

Ìwé ìgbọ̀wọ́ kì í tilẹ̀ ṣe ọjà rárá. Owó tí agbanisíṣẹ́ san fún ìjọba kí ó lè fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yìí, òun ni ó ni ín. Láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni òfin ti sọ ọ́ gbangba pé agbanisíṣẹ́ tí ó bá gba owó ìwé-àṣẹ tàbí owó ìwé ìgbọ̀wọ́ padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lè pàdánù ìwé-àṣẹ rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí ìwé ìbéèrè owó tí wọ́n kọ “owó CoS” sí, kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ohun tí òfin kò fẹ́ kí a tà ni wọ́n fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ rà, ọwọ́ ẹni tí ó lè sá lọ ni wọ́n sì ti fẹ́ rà á.

Bí agbanisíṣẹ́ bá sì pàdánù ìwé-àṣẹ, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni yóò jẹ níyà. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa bọ̀ nílé. Láàrin oṣù keje ọdún 2022 àti oṣù kejìlá ọdún 2024, ìwé-àṣẹ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ìtọ́jú nìkan lé ní 470. Ẹ fi ojú inú wo iye òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ìwé-àṣẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ojú inú wo àwọn onídùúró tí ó wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílé.

Ó yẹ kí a wá dé orí ìgbélùú gbére, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ òbí lójú. Òbí rò pé bí ọmọ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ti di ará ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Físà iṣẹ́ so ọmọ mọ́ agbanisíṣẹ́ tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ètò tí wọ́n ti ń lò fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbáko ni ó tó lè béèrè ìwé gbére, kì í sì í ṣe pé wọ́n á kàn gbé e fún un. Yóò ṣe ìdánwò lórí ìṣe àti ìtàn ìlú náà, ìbéèrè 24 láàrin ìṣẹ́jú 45, ó sì gbọ́dọ̀ gba 18 ó kéré tán. Kò lè gbé ìwé rẹ̀ wọlé ju ọjọ́ 28 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ọdún márùn-ún pé. Èsì lè tó oṣù mẹ́fà. Bí ó bá sì fẹ́ di ọmọ ìlú, yóò tún sábà dúró fún oṣù 12 lẹ́yìn tí ó gba ìwé gbére. Bí ọmọ bá pàdánù agbanisíṣẹ́ láàrin ọ̀nà, tí ó sì rí òmíràn kí àkókò rẹ̀ tó tán, ọdún tí ó ti lò kò ṣòfò. Bí kò bá rí, ó lè di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Àwa ará Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yé jù. Àwọn bàbá wa láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ṣòwò ní Gold Coast kí ó tó máa jẹ́ Ghana. Wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n wà ní Tamale, wọ́n wà ní àwọn ọjà kéékèèké ìhà àríwá. Àwọn kan bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò mọ ilé bàbá wọn rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní ìlú. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún! Ọjà tí wọn kò rí tà ni wọ́n fi sílẹ̀, àwọn mìíràn sì padà sí ìlú baba wọn láìní yàrá tí wọn yóò sùn. A kò sọ èyí láti bú Ghana, nítorí ìjọba Nàìjíríà náà lé wọn ní oṣù kíní ọdún 1983, gbogbo wa ni a sì mọ orúkọ àpò tí ó jáde nínú rẹ̀. Ohun tí a fà yọ ni pé pípẹ́ ní ìlú kò di ẹ̀tọ́ títí tí ìwé yóò fi wà lọ́wọ́, ẹni tí ń yá owó lórí ìrètí ìwé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlú onílùú lè yí òfin padà nígbà tí ó bá wù ú.

Ìyípadà náà kò sì jìnnà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ìjọba Ìlú Ọba gbé ìwé àbá jáde pé àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún yìí di ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà wọ́n tún dábàá pé kí ó di ọdún 15 fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò dé ipò ẹni tí ó gba oyè ní yunifásítì, àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú sì wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó kan ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gba ìwé gbére. Ẹni tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 2022, tí ó ń fi ìka ka ọdún 2027, wá gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ ọdún 2037. Àbá ni wọ́n pe èyí nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ yá ènìyàn lówó kí ó béèrè ohun tí òfin jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n jókòó gan-an, kì í ṣe ohun tí ó jẹ́ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan lọ.

Ìwé gbére tún ní owó tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ó di £3,029 fún ẹnì kan, ọmọdé inú ilé pẹ̀lú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ìlera, bí olùkọ́ àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tún ń san owó ìtọ́jú ìlera pẹ̀lú físà wọn. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ó jẹ́ £1,035 fún ọdún kan, bí físà bá sì jẹ́ ti ọdún márùn-ún, £5,175 ni wọn yóò san lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó gbéra. A mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn òbí tí ń sọ pé, “Bí ó bá ti dé ọ̀hún, oṣù mẹ́ta ni yóò fi san gbogbo gbèsè.” Ọmọ tí ó dé ọ̀hún yóò san owó ilé, yóò san gbèsè tí ó jẹ lọ́nà, yóò sì máa tọ́jú owó ìwé gbére láti ọdún kìíní.

Ní ti Amẹ́ríkà, ètò wọn yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí agbanisíṣẹ́ bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gbére yóò gba green card bí ó bá ti ń wọlé ni, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ni a ti ń dúró, pẹ̀lú owó ẹgbẹ́ lọ́rùn. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han ìjọba pé òun wá ọmọ ìlú tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà, òun kò rí i. Wọ́n yọ nọ́ọ̀sì kúrò nínú ìgbésẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò yọ olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí sì lè gbà ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà ni agbanisíṣẹ́ yóò fi ìwé I-140 béèrè. Bí ó bá san àfikún owó kí ó lè yá, èsì yẹn lè jáde láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ajẹ́ǹtì yóò tún gbé ọjọ́ 15 yìí bí ó ti gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ìlà ṣì wà níwájú.

Ìlà yìí kò ní ṣòro fún ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti lóye. Bí owó tí ó wà nínú àpótí kò bá kárí gbogbo ẹni tí ó béèrè, akọ̀wé máa ń kọ orúkọ tẹ̀lé ọjọ́ tí olúkúlùkù mú ìwé wá, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Iye tí òfin Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń wọlé nípa iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 140,000 lọ́dún fún gbogbo ayé, ọkọ, aya àti ọmọ sì wà nínú iye náà. Ọjọ́ tí ìwé nọ́ọ̀sì wọlé ni ọjọ́ rẹ̀ nínú ìlà, ìjọba sì ń tẹ ìwé jáde lóṣooṣù tí ó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n bá ìlà dé. Ọjọ́ náà lè sún síwájú, ó lè dúró, ó sì lè padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, iye tí ó wà fún ìsọ̀rí tí à ń pè ní EB-3, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wà, tán pátápátá, ó sì di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá tí ọdún ìnáwó wọn bẹ̀rẹ̀ kí òmíràn tó wà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìkéde tí ó fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà ìgbélùú gbére dúró fún láti ọjọ́ 1 oṣù kíní ọdún 2026. Ẹni tí ó ti yege ní gbogbo ìdánwò, tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe gbogbo tirẹ̀, tí ìlà sì fẹ́ kàn án, wá bá ìkéde pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀. Onídùúró rẹ̀ náà kò ní ẹ̀bi.

Kí ni ìgbìmọ̀ yóò wá ṣe? Èrò tiwa, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ni pé kí a má ṣe yá gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Kí a yá owó ìdánwò èdè, kí a rí èsì, kí a tó yá ti ìdánwò iṣẹ́. Kí owó físà dúró di ìgbà tí ìwé ìgbọ̀wọ́ bá wà lórí tábìlì, tí a sì ti rí orúkọ agbanisíṣẹ́ náà nínú ìwé àwọn tí ó ní àṣẹ, èyí tí ìjọba Ìlú Ọba ń gbé jáde ní gbangba tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lè bá ìgbìmọ̀ wò ó. Nípa báyìí, bí ọ̀nà bá dí ní ìdajì, ìdajì gbèsè ni yóò wà nílẹ̀.

Ohun kejì tí a rò ni pé kí a dá ọjọ́ ìsanpadà lórí ohun tí òbí ní nílé, kì í ṣe lórí owó oṣù tí ọmọ kò tíì gbà. Bí oko rẹ̀, ọjà rẹ̀ tàbí owó oṣù tirẹ̀ kò bá lè gbé ìsanpadà náà láìsí ti òkè òkun, kí a dín owó náà kù. Àwọn kan yóò sọ pé èyí le jù, pé olówó nìkan ni yóò wá rí owó yá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a rò pé ó sàn kí òbí bínú sí ìgbìmọ̀ lónìí ju kí ó pàdánù ẹran ọ̀sìn rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 18. Kí wọ́n sì pe àwọn onídùúró wọlé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sọ ọ́ sí wọn létí ibi tí ìwé ọmọ dé, ohun tí ó kù, àti oṣù tí ó lè gbà, kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. A ti rí onídùúró tí ó rò pé owó ilé-ìwé ni òun fọwọ́ sí.

Fún àwọn tí ọmọ wọn ti wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Nínú ọdún tí ọmọ ń kà sí ìwé gbére, kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn odi ìlú náà ju ọjọ́ 180 lọ nínú oṣù 12 èyíkéyìí. Ilé ni a sì ti sábà máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. A pè é fún ìsìnkú, kò tíì pẹ́ tí ó padà ni a tún pè é fún ìgbéyàwó àbúrò, Iléyá kò sì jìnnà sí i. Bí ó bá wálé tí ara ìyá kò yá, tí wọ́n ní kí ó dúró díẹ̀ sí i, ó lè lo oṣù mẹ́rin láìfura. Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ọjọ́ tí ó jáde àti ọjọ́ tí ó wọlé sí, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí àwọn tí ń pè é lè rí iye ọjọ́ tí ó kù.